Èdè-Ìperí fún Ìdènà Nínú Géèmù Bọ́ọ̀lù

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní lílò nígbà tí a bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ ènìyàn ní ọ̀nà tí a fi ń dènà alátakò nínú géèmù bọ́ọ̀lù orí amóhùnmáwòrán. Ó lè jọ lójú àwọn kan pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni èyí, àti pé kò tó ohun tí à ń kọ ìwé lé lórí. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí àdúgbò Under-G tí ó wà nítòsí Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé géèmù, níbi tí a ti ń sanwó kí a tó fọwọ́ kan pádì, ìkọ́ni ń lọ ní pẹrẹu. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àbúrò. Ẹni tí a lè pè ní ọ̀ta, bí a ti ń pe ògbóǹtagí nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ń kọ́ òpè. Èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ọ̀rọ̀ ìdènà, gbólóhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́: "Máàkì ẹ̀!" "Prẹ́ẹ̀sì ẹ̀!" "Gbà á!"

Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí kò tó fún iṣẹ́ náà, àti pé ìkẹta wọn a máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ìdènà nínú géèmù òde òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígba bọ́ọ̀lù ní ìpìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídúró àti dídí ọ̀nà ni. Èdè Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó, tí ó sì ṣe rẹ́gí, fún ìpele kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ náà.

2. Bí iṣẹ́ náà ti rí, àti bí ó ti yí padà

Agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ ènìyàn ń darí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ni ó ń darí àwọn mẹ́wàá yòókù. Nítorí náà, ìṣòro ẹni tí ó ń dènà pín sí méjì: ta ni kí n darí, kí sì ni kí n jẹ́ kí ó ṣe?

Nígbà tí ẹ̀rọ PlayStation 2, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2000, gbòde, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japáànì ṣe, èyí tí a mọ̀ sí Winning Eleven tàbí Pro Evolution Soccer, gbajúmọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Nínú rẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì alámì ẹ́kìsì tí kò sì gbé ọwọ́ kúrò, ẹni tí ó ń darí yóò sáré tọ alátakò tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa wá ọ̀nà láti gbà á. Bí ó bá tẹ alámì onígun mẹ́rin, ẹlòmíràn láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dara pọ̀ mọ́ ìlépa náà. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, àṣẹ "Prẹ́ẹ̀sì ẹ̀!" àti "Gbà á!" bá iṣẹ́ ọwọ́ mu.

Ìyípadà ńlá dé ní 2011, nígbà tí ilé-iṣẹ́ EA Sports gbé FIFA 12 jáde pẹ̀lú ìlànà ìdènà tuntun. Láti ìgbà náà, bọ́tìnnì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò gba bọ́ọ̀lù fún ènìyàn mọ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú kí adènà wà ní ìwọ̀n àyè díẹ̀ sí alátakò. Ẹni tí ó mú pádì lọ́wọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ yan àkókò tí adènà yóò na ẹsẹ̀. Bí ó bá nà án ṣáájú àkókò, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ náà yóò gbà. Kí ó tó dúró dáadáa, alátakò ti kọjá. A kò mú ìlànà àtijọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù, ṣùgbọ́n ti tuntun ni ó borí. Òun náà ni a bá nínú EA Sports FC, orúkọ tí géèmù náà ń jẹ́ láti 2023, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ yìí àti àjọ FIFA ti pínyà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọ tí a ń kọ́ lónìí. A ní kí ó "gbà á." Ó gbọ́ràn, ó tẹ bọ́tìnnì ìgbà, adènà rẹ̀ na ẹsẹ̀, alátakò yà kúrò, bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. A tún ní kí ó "gbà á," ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. A ó máa sọ pé ọwọ́ ọmọ náà kò yá. Àléébù náà kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ rárá. Inú ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ ni ó wà.

3. Ìlànà tí a fi yan ọ̀rọ̀

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe àlejò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1855 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú náà. Ní 1858 ni a tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ti èdè-ìperí gan-an, ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ eré orí ẹ̀rọ kò sí lára ohun tí ìwé náà gbé dání, àwa ni ó sì kù sí lọ́wọ́.

Ìlànà mẹ́ta ni a tẹ̀ lé. Èkíní, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú àti ọwọ́ ń ṣe, kì í ṣe ohun tí a ń retí pé kí ó ti ibẹ̀ jáde. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ṣe é lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ kúrú. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè pè tán kí alátakò tó gbá bọ́ọ̀lù kò wúlò fún olùkọ́ tí ó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, bí ó ti wù kí ó dára tó lórí ìwé.

Ní ti orúkọ iṣẹ́ náà lápapọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ògbufọ̀. Gbèjà kò bá a mu, nítorí ẹni tí ó gbèjà ti bọ́ sínú ìjà tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Dáàbò bò fẹ̀ jù. Ọlọ́run, òbí àti aṣọ ni ó ń dáàbò bo ènìyàn. Ṣọ́lé sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n aṣọ́lé ti di orúkọ ẹni tí ó dúró ní ẹnu àwọ̀n, kò sì yẹ kí a da òun àti àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀.

Dènà ni a fara mọ́. Bí a bá tú u, dè àti ọ̀nà ni a ó rí. Dè yìí kan náà ni ó wà nínú "dúró dè mí." Ẹni tí ó dènà kò lé ẹnikẹ́ni, ọ̀nà ni ó mú, ó sì ń retí ẹni tí ń bọ̀. Ohun tí àwọn tí ó ṣe géèmù náà yí padà ní 2011 ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Àwọn kan lè wí pé ọlọ́ṣà náà a máa dènà de èrò ọ̀nà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdẹ a máa dènà de ẹran, adènà sì ni ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìdènà yóò jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà, adènà yóò sì jẹ́ orúkọ ẹni tí ń ṣe é.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ náà

Odi: ìlà tí àwọn adènà tò sí níwájú aṣọ́lé. A yá ọ̀rọ̀ yìí láti inú ìtàn ìlú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Fúlàní tú ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ ká, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìlú tí ó dúró, àwọn ará ìlú tí ó tú sì wá sá sí ibẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú odi kì í jáde lé gbogbo ẹlẹ́ṣin tí ó bá yọ lókèèrè, nítorí bí ó bá jáde, àyè rẹ̀ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú géèmù. Ẹni tí ó bá fa adènà àárín kúrò nínú odi láti lé bọ́ọ̀lù ti ṣí bodè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àṣìṣe yìí ni a fi ń jẹ ayò jù lọ, nítorí náà "fi odi sílẹ̀" yẹ kí ó di gbólóhùn ìbániwí.

Alóre: adènà tí ó gbẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ ká gbogbo pápá. Alóre ni à ń pe ẹni tí ń ṣọ́nà fún ìlú láti ibi gíga. A kì í fi í lé bọ́ọ̀lù bí ẹlòmíràn bá wà tí ó lè ṣe é.

Ìpààrọ̀: kíkúrò lórí agbábọ́ọ̀lù kan bọ́ sórí òmíràn. Lórí pádì PlayStation, L1 ni a fi ń ṣe é, tàbí ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún bí a bá fẹ́ yan ìhà tí a ń lọ. Àwọn kan yóò fẹ́ kí a lo gùn, nítorí ó jọ bí òrìṣà ti ń gun adósù. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ilé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀.

Ìṣọ́sẹ̀: kíkọ ojú sí alátakò, kí a máa fi ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ rìn bí ó ti ń bọ̀, láìna ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù. L2 ni bọ́tìnnì rẹ̀. Èyí ni ọkàn gbogbo ìdènà, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n jù ní ẹnu àwọn tí ń kọ́ni. Ṣọ́sẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì: kí a ṣọ́ ẹsẹ̀ alátakò, kí a sì ṣọ́ ti ara wa. Méjèèjì ni a ń fẹ́ níhìn-ín, nítorí náà ọ̀rọ̀ olójú méjì yìí kò pa wá lára.

Dídí àlàfo: mímú adènà dúró láàárín ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ gbá a sí. Àṣẹ rẹ̀ ni "Dí i!" Ó yàtọ̀ sí máàkì, nítorí ènìyàn ni à ń máàkì, ọ̀nà ni à ń dí.

Ìdálọ́nà: gbígba bọ́ọ̀lù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a gbá a sí. Èso dídí àlàfo ni. Ẹni tí ó dí àlàfo dáadáa yóò dá bọ́ọ̀lù lọ́nà láìtẹ bọ́tìnnì kankan.

Ìkámọ́: pípe ẹnì kejì, tí ẹ̀rọ ń darí, kí ó wá ká alátakò mọ́. R1 ni bọ́tìnnì rẹ̀ nínú géèmù EA Sports. Ó dára ní ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí ìlà ti ṣe ogiri fún wa. Láàárín pápá, ewu ni, nítorí ẹni tí a pè ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ìjágbà: nína ẹsẹ̀ láti já bọ́ọ̀lù gbà. Oríṣi méjì ni. Ìjágbà ìnàró ni èyí tí a ṣe lórí ìdúró, bọ́tìnnì alámì róbótó ni a fi ń ṣe é. Ìjágbà ìfìdíwọ́lẹ̀ ni èyí tí adènà fi ìdí wọ́ ilẹ̀ ṣe. Alámì onígun mẹ́rin ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá tàsé nínú èyí kejì yóò pẹ́ nílẹ̀, bí ó bá sì gbá ẹsẹ̀ alátakò níwájú àwọ̀n, pẹ̀nárítì ni. Àkókò ìjágbà ni ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá rìn kúrò díẹ̀ ní ẹsẹ̀ alátakò.

5. Àpẹẹrẹ ìlò

Kí a lè rí i bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe é lò, a fi wọ́n sẹ́nu ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nídìí ẹ̀rọ:

– Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń bọ̀. Ṣé kí n gbà á?
– Má tíì já a gbà. Ta ni o ń darí?
– Alóre ni.
– Fi alóre sílẹ̀ sínú odi. Pààrọ̀, mú ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó dára. Ṣọ́sẹ̀.
– Ó fẹ́ gbá a sí ọwọ́ òsì.
– Dí i. Má sáré. Ó ti há sí ẹ̀gbẹ́ ìlà báyìí. Ká a mọ́.
– Bọ́ọ̀lù ti jìnnà sí i lẹ́sẹ̀ o!
– Já a gbà!

Àṣẹ mẹ́fà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: fi sílẹ̀ sínú odi, pààrọ̀, ṣọ́sẹ̀, dí i, ká a mọ́, já a gbà. Ìjágbà ni ó kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sì wáyé. Bí a bá fi "gbà á" rọ́pò gbogbo wọn, kò sí bí àbúrò náà yóò ti mọ̀ pé iṣẹ́ márùn-ún ni ó ṣáájú rẹ̀.

6. Àtakò tí ó ṣeé ṣe

Àwọn kan yóò wí pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní í gba ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá ṣẹ̀dá. A kò jiyàn. Ìdí nìyí tí a kò fi ṣẹ̀dá púpọ̀: ṣọ́, dí, dá lọ́nà, ká mọ́ àti já gbà ti wà lẹ́nu wọn láti ilé. Ohun tí a ṣe kò ju pé a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ àyálò, a kò ní kí a lé wọn jáde. Máàkì ti di tiwa, ọ́fúsáìdì náà sì lè dúró. Prẹ́ẹ̀sì nìkan ni a ń bẹ̀rù, nítorí ìlépa àti ìkámọ́ ni ó dà pọ̀ mọ́ra wọn nínú rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kùnà tàbí kí ó yege, àní nínú eré. Ẹni tí ó rò pé orúkọ kò ju àmì lásán lọ yóò túmọ̀ gbogbo iṣẹ́ ìdènà sí "gbígbà," ọmọ tí ó kọ́ yóò sì máa jẹ ayò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé kí wọ́n dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò nídìí ẹ̀rọ gan-an, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú pádì lọ́wọ́. Èyí tí kò bá ṣe é pè kí bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n, kí a pa á tì, kí a sì wá òmíràn.