Orúkọ méjì, ìdílé kan: bí àwọn ará Québec ṣe ń wá orírun wọn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń wo ìwé àtijọ́ kan ní Québec, ní Kánádà. Ẹ rí ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Hudon, ẹ rí àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Beaulieu. Bàbá kan náà, ìyá kan náà. Ṣé akọ̀wé ṣàṣìṣe ni? Rárá o!

Kí ni "dit"?

Wọ́n ń pè é ní "di". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "tí wọ́n ń pè ní". Hudon dit Beaulieu ni Hudon tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Beaulieu. Àwọn ọmọ lè mú èyí tó wù wọ́n.

Púpọ̀ nínú ìnagijẹ yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà Faransé, torí wọ́n máa ń fún ṣọ́jà ní orúkọ ogun: Lafleur (òdòdó), Sansoucy (aláìníyọnu), Lajeunesse (ìgbà èwe). Àwọn mìíràn wá láti ibi tí èèyàn ti wá tàbí ilẹ̀ tó ń dáko sí.

Ẹ ṣọ́ra o: ṣọ́jà tó ń jẹ́ Lafleur pọ̀ gan-an. Lafleur méjì lè máà bá ara wọn tan rárá, nígbà tí Hudon àti Beaulieu lè jẹ́ ọmọ ìyá.

Ìwé ìgbéyàwó ni kọ́kọ́rọ́

Láti ọdún 1621 ni ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ Kátólíìkì ti wà níbẹ̀: ìsàmì, ìgbéyàwó, ìsìnkú. Nígbà tó yá, wọ́n ń kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí iná má baà jó gbogbo rẹ̀ tán. Nínú ìwé yìí, obìnrin kì í pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì, kódà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Láti ọdún 1981 sì ni òfin Québec ti sọ pé kí ọkọ àti ìyàwó máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi bí wọn.

Èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn. Àlùfáà máa ń kọ orúkọ ọkọ, ìyàwó àti òbí àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ìgbéyàwó kan ń tọ́ka sí méjì mìíràn lókè rẹ̀. Tó bá jẹ́ opó ló ń tún ọkọ fẹ́, orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú ni wọ́n sábà máa ń kọ dípò ti òbí rẹ̀. Ẹ lọ wá ìgbéyàwó àkọ́kọ́ nígbà yẹn.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Zacharie Cloutier, káfíńtà tó dé ní 1634, ti ní àtọmọdọ́mọ tó lé ní 10,000 nígbà tó fi máa di ọdún 1800. Nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú dó bá kéré, jíìnì ẹnì kan lè tàn ká ilé gbogbo. Ní agbègbè Saguenay–Lac-Saint-Jean, bí ẹnì kan nínú 20 ló ń gbé jíìnì tyrosinemia irú kìíní, àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ genotype tí gbogbo wa mọ̀. AS fẹ́ AS, SS lè wọlé. Bí àwọn méjì tó ń gbé jíìnì yìí bá fẹ́ra, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti ní àìsàn náà. Tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn nitisinone àti oúnjẹ tí dókítà yàn lè ràn án lọ́wọ́. Ìjọba Québec sì ń ṣe àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ìdílé wọn wá láti agbègbè yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì yí orúkọ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Boisvert di Greenwood. Greenwood tó ń gbé ní Massachusetts lónìí lè máà mọ̀ pé Québec ni baba ńlá òun ti wá. Tí dókítà bá béèrè orírun rẹ̀ ńkọ́? Kí ló fẹ́ sọ?

Orúkọ lè tan èèyàn jẹ. Torí náà, tí ẹ bá ń wá ìdílé: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ara yín, ẹ tẹ̀ lé ìgbéyàwó kan sí òmíràn, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má sì gbàgbé ìlà ìyá.