Jigsaw: Ojú Tó Dáa Ló Ń Wolẹ̀

Jigsaw ni ayùn oníná kékeré tí káfíńtà fi ń gé pákó ní rìbìtì tàbí wọ́kọwọ̀kọ.

Kẹ́ ẹ tó ra tòkúnbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. 220V sí 240V ló bá iná wa mu. Bó bá jẹ́ 120V, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa bẹ́ẹ̀, ó máa jóná.

Kí ló dé tí ojú plywood fi máa ń ya jágajàga? Eyín ọ̀pọ̀ bíléèdì jigsaw kọjú sókè. Ìgbà tó bá ń gòkè ló ń gé igi, ojú òkè ló sì máa ń ya. Nítorí náà, ẹ da ojú tó dáa délẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bíléèdì eléyín ńlá ni ti igi, eléyín wẹ́wẹ́ ni ti irin.

Ẹ de pákó mọ́ tábìlì, ẹ wọ gíláàsì ojú, kí wáyà wà lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kí bíléèdì ti máa ṣiṣẹ́ kó tó kan igi. Ẹ má fi agbára tì í.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bíléèdì, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ká kàn pa á ò tó, ọwọ́ lè ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì. Pákó wà lọ́jà, ìka ò sí níbẹ̀.