Kí Ni Ká Pe Ọkọ̀ Tó Ń Sáré Lórí Òjò Dídì? Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kan ní Alábàtà, mo ń fi fídíò kan hàn wọ́n lórí fóònù mi. Ọkùnrin kan ló ń kan ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń sáré lórí òjò dídì nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?" Mo ní, "Snowmobile ni, ọ̀gá." Ó ní, "Orúkọ òyìnbó nìyẹn. Ìwọ tó ń kọ́ nípa èdè ní yunifásítì, kí ni kí n pè é fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni èsì mi.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ní 1922, Joseph-Armand Bombardier, ọmọ ọdún 15 ní Valcourt ní Kánádà, de ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ford mọ́ pákó tí wọ́n ń wọ́ lórí òjò dídì. Bàbá rẹ̀ ní kó tú u palẹ̀. Ní 1934, ọmọkùnrin rẹ̀ ṣàìsàn, òjò dídì dí ọ̀nà, wọn ò rí i gbé dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú. Bombardier kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní 1959 ló gbé Ski-Doo jáde. Wọ́n ní Ski-Dog ló yẹ kó jẹ́, nítorí pé ó fẹ́ rọ́pò àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀, ṣùgbọ́n àṣìtẹ̀ sọ ọ́ di Ski-Doo.

Ọmọ Yorùbá náà ti kan tiwa. Ní 2016, Seun Adigun, tó sáré fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London 2012, fi pákó kan ọkọ̀ orí yìnyín kan nínú gáréèjì ní Houston, ó sì pè é ní Maeflower. Òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga lọ sí Òlíḿpíìkì 2018 ní Pyeongchang. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà nínú eré náà.

Ọkọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti eré Adigun kò ní ẹ́ńjìnnì: wọ́n á tì í bí ọmọlanke, wọ́n á fò sínú rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀ á sì máa yọ̀ lórí yìnyín líle. Ti Bombardier ní ẹ́ńjìnnì, ó ní bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ń yí lábẹ́. Ìdí ni pé òjò dídì rọ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ á rì sínú rẹ̀. Bíríkìlà tó tẹ́ pákó sórí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kó tó rìn mọ ọgbọ́n yìí. Bí àyè tó fara kan ilẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìtẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ á dín sí ìdajì. Ọ̀nà kejì ni kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kàn án nílé fi ń fi álùmíníọ̀mù rọ́pò irin, torí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́ta irin lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni àyálò. Èdè wa kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, nítorí náà *snow* á di *sínóò*, bí *bread* ṣe di *búrẹ́dì*. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n kò sọ iṣẹ́ ohun náà fún ọmọ iṣẹ́.

Ìkejì ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-*: *a + mú + ilé + tutù* di *amúlétutù*. Mo gbìyànjú *a + tẹ̀ + òjò + dídì*, ìpajẹ sọ ọ́ di *atòjòdídì*. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ó ń to òjò jọ ni! Ìpajẹ ti gbé ọ̀rọ̀-ìṣe pamọ́.

Ìkẹta ni àpólà ọ̀rọ̀-orúkọ: *ọkọ̀ ojú irin*, *ọkọ̀ ojú omi*, *ọkọ̀ òfurufú*. Ibi tí ọkọ̀ ń rìn ló ń tẹ̀lé *ọkọ̀*. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: àwa máa ń pe ohun líle tó ń já lu páànù àti ohun rírọ̀ tó ń bọ́ bí òwú ní *yìnyín*. Bí orúkọ bá da méjèèjì pọ̀, ọmọ iṣẹ́ á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tó yẹ kó fi bẹ́líìtì sí.

Èyí tí mo mú ni *alùpùpù òjò dídì*. Wọ́n ń gùn ún bí ọ̀kadà, ó sì ní ọwọ́ ìdarí. Síkì méjì iwájú, mo pè wọ́n ní *bàtà*.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó ní, "Alùpùpù mo mọ̀. Kí ló dé tó wọ bàtà?" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pákó bíríkìlà. Ọmọ iṣẹ́ kan tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dá mi lóhùn pé, "Ó yé mi. Bí a bá dín irin kù, bàtà náà lè kéré." Òtítọ́ ni, mi ò sì tíì sọ ìyẹn fún un. Yorùbá ni èdè ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ohun tí kò bá ní orúkọ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ìdánrawò: Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ fi ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ bẹ́líìtì abẹ́ ọkọ̀ yìí lórúkọ, kí ẹ sì lọ bi jórinjórin tó wà ládùúgbò yín èwo ló yé e jù.