Ẹ́ńjìnnì Ti Ń Jẹ Ọ́ìlì: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ká Tó Ta Ọkọ̀?

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ wí. Èéfín tó ń yọ ní sàlẹ́ńsà ni wọ́n rí, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ kó pòórá kí oníbàárà tó dé. Wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á ní, "Ọ̀gá, rìǹgì ti lọ, ẹ jẹ́ ká tú u." Owó ti ń jáde lápò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ ìsàlẹ̀ wò.

Owó àyẹ̀wò ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ kọ́kọ́ ná. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó mọ̀ bóyá àtúnṣe máa mówó wọlé àbí ó máa gbówó lọ. Tó bá jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti jẹ, ohun tó sàn fún àpò ẹni lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ká tà á bó ṣe wà, ká sì sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n tan ọkọ̀ ní kùtùkùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn kó máa wo sàlẹ́ńsà. Bí èéfín bá dúdú, bẹntiróòlù ló ń pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, sẹ́ńsọ̀ tàbí ínjẹ́kítọ̀ ló sì sábà máa ń fà á. Èéfín funfun tó nípọn, tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi radiétọ̀ sì ń dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n fura sí. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, tó ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná, ọ́ìlì ló ń jó lóòótọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà débẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Rọ́bà kéékèèké tó wà nídìí àwọn fáàfù lè ti le gbagidi. Fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní PCV, tó ń fa atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì padà kó lè jó, lè ti dí. Owó pérétè ni PCV lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú ẹ́ńjìnnì, ó sì yẹ kí wọ́n wò ó kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rìǹgì.

Bí gbogbo èyí ò bá yanjú ẹ̀, kí wọ́n wọn kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n. Mẹkáníìkì á tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á dí ọ̀nà epo àti iná, á wá de géèjì mọ́ ihò pọ́lọ́ọ̀gì kan. Ẹnì kan á tẹ tòróòtù mọ́lẹ̀, á sì fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí abẹ́rẹ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Wọ́n á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ihò tó kàn. Bí iye ihò kan bá wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kí wọ́n da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, rìǹgì tàbí ara sílíńdà ló ti jẹ, nítorí ọ́ìlì ti bá a dí àlàfo náà fúngbà díẹ̀. Tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì lọ̀rọ̀ kàn.

Kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n sì lè dára kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa jẹ ọ́ìlì. Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, ti ọdún 2007 sí 2009, tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, ni ẹ̀rí tó wà lójú títì wa. 2AZ-FE ni orúkọ ẹ́ńjìnnì ọ̀hún. Lára písítọ̀nù rẹ̀, àwọn ihò tó yẹ kí ọ́ìlì máa gbà padà sísàlẹ̀ kéré jù. Èédú ọ́ìlì tó jóná á dí wọn, rìǹgì ìsàlẹ̀ á gan, ọ́ìlì á wá kù lára sílíńdà, iná á jó o. Toyota fúnra rẹ̀ gbà pé ìṣòro wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó sún gbèdéke àtúnṣe ọ̀fẹ́ síwájú fún àwọn ọkọ̀ náà: èyí tó bá jẹ ju nǹkan bíi lítà ọ́ìlì kan lọ láàárín 1,200 máìlì, tó tó 1,930 kìlómítà, ni wọ́n tún ṣe. Ohun tí wọ́n pààrọ̀ ló yẹ kí oníbàárà mẹkáníìkì fi sọ́kàn: písítọ̀nù àti rìǹgì, méjèèjì pọ̀. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó gba Èkó àti Kútọnù wọlé, Amẹ́ríkà ló ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Mẹkáníìkì tó bá ra rìǹgì tuntun tó tì í bọ písítọ̀nù àtijọ́, ihò tó dí ṣì wà níbẹ̀. Èéfín á lọ fún sáà kan, á tún padà.

Camry tó ṣáájú Muscle, tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì 2.4 rẹ̀, ojú ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ń dì mọ́ lára búlọ́ọ̀kù lè jẹ, omi á máa jò lẹ́yìn, ọkọ̀ á máa gbóná. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan ò tó o, àfi kí wọ́n fi ojú ihò onírin tuntun sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó. Ká ní ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé máa tà ní mílíọ̀nù 4 náírà, tí àwọn dílà sì ń pe èyí tó ń jẹ ọ́ìlì ní mílíọ̀nù 3.2. Àlàfo tó wà níbẹ̀ jẹ́ 800,000. Bí àtúnṣe bá jẹ 700,000, ó dà bíi pé èrè 100,000 wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n dílà tó bá rí i pé wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì kì í san owó ẹ́ńjìnnì tó pé. Ẹ̀rù ọwọ́ mẹkáníìkì ń bà á, á sì já owó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà nílẹ̀ tún wà ńbẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá ṣí ẹ́ńjìnnì tán. Èrè náà ti lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń padà sápò. Pọ́lọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè tó ń jo ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì síìtì tó mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú: kí wọ́n ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tó wá fi wọ́n sílẹ̀, tó lọ kun ọkọ̀ ní ọ̀dà tuntun, tó ra kọ́fà ìjókòó àti ríìmù, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ọkọ̀ ò bá lè rìn mọ́ rárá, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ti ń kan gbàgbàgbà láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn lè mú kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládípò ní Mushin tàbí ní Gate n'Ìbàdàn. Kí wọ́n gba rìsíìtì, nítorí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì mu. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò pààrọ̀ ìwé ti kó oníbàárà rẹ̀ sọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀nà kan wà tó burú ju gbogbo èyí lọ: kí wọ́n da ọ́ìlì tó ki tàbí oògùn apèéfín sínú ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti ọkọ̀ kì í tiẹ̀ tó oṣù kan. Ẹlòmíràn ló máa fi ọkọ̀ yẹn kó ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ kọ iye ọ́ìlì tó ń jẹ àti iye kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé àdéhùn, kẹ́yin àti ẹni tó rà á jọ fọwọ́ sí i kí owó tó kọjá.