Bí A Ṣe Lè Mú Òórùn Èéfín Kúrò Lára Dùrù Láìba Wáyà Inú Rẹ̀ Jẹ́

Ìdílé mélòó kan ti bi wá ní ìbéèrè kan náà. Omi ò wọ inú dùrù wọn, torí pé wọ́n tètè fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè. Àmọ́ inú yàrá yẹn náà ni wọ́n ti ń fi igi dáná nígbà tí kò síbi tó gbẹ mọ́. Ní báyìí, bí wọ́n bá ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn èéfín ni. Ìyá kan tó ń fi dùrù kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó ń fi owó ibẹ̀ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀, sọ pé ẹnì kan ti fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú. Màmá, ẹ má tíì tà á.

Bí omi bá ti dé ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ lára dùrù yín, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Gáàmù tó so igi rẹ̀ pọ̀ á ti máa tú. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa dùrù kó wò ó kí ẹ tó náwó kankan lé e.

Aṣọ onírun tó nípọn tó bo orí àwọn òòlù kéékèèké inú dùrù ni èéfín máa ń fara pamọ́ sí jù. Dúdú èéfín tó bà sára irin ńkọ́? Ó máa ń jẹ irin, pàápàá bí ọ̀rinrin bá bá a níbẹ̀, wáyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Wáyà inú dùrù lé ní 200, gbogbo wọn pọ̀ sì ń fa férémù irin rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15 sí 20. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ lè já lójijì kó ṣe èèyàn léṣe. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn ìṣó tó fún wọn rárá.

Ẹ dúró de ọjọ́ tí òjò ò rọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé àti ìdérí òkè, kí ẹ sì yọ pákó tó wà nísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ dùrù ìdúró, irin kan tó ń ta padà ló dì í mú, kò gba sukudiráfà. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, àmọ́ kí oòrùn má ta sí i lára, torí igi rẹ̀ á là. Bí ẹ bá fẹ́ lo fáànù, ìta gbangba ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pani kéèyàn tó mọ̀.

Ẹ di imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀ gbá dúdú náà kúrò lára igi àti irin ní gbígbẹ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù ún, àbàwọ́n rẹ̀ á rì sínú igi. Ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ nìkan lẹ lè fi aṣọ tí ẹ ti fún dáadáa nù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan èédú. Ẹ wá èyí tí kẹrosíìnì ò kàn, ẹ rún un sínú abọ́ méjì tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ dùrù níbi tí kò ti ní kan àtẹ̀sẹ̀. Ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ máa pààrọ̀ èédú náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè gbà tó oṣù kan, torí òórùn tó wà lára aṣọ onírun kì í tètè tán.

Ìdílé kan ò ní sùúrù, wọ́n gbé abọ́ bílíìṣì síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn yí padà lóòótọ́, àmọ́ wáyà ti pọ́n. Ọtí kíkan àti iyọ̀ náà ò dáa fún irin. Lọ́fínńdà kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni. Ẹ má sì fi epo pa àwọn ìṣó yẹn pé kí wọ́n má bàa dípẹtà, torí bí epo bá wọ igi tó di ìṣó mú, wáyà ò ní dúró lórí ohùn rẹ̀ mọ́.

Bí òórùn bá ṣì kù lẹ́yìn oṣù kan, ẹni tó ń tún ohùn dùrù ṣe lè gbé gbogbo òòlù jáde lápapọ̀, kó fọn eruku inú wọn níta. Iye tó máa gbà fún ìyẹn nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.