Oògùn inú òkú: kí ni ìwé àyẹ̀wò lè sọ, kí ni kò lè sọ?

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo díẹ̀. Ẹ yí rédíò yín sókè, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọdé lọ ṣeré níta.

Ẹ wò ó. Èèyàn kan kú lójijì. Àwọn ọlọ́pàá dá sí i, wọ́n gbé òkú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé jáde pé oògùn tó wà lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kíá, ẹbí ti yíjú sí ìyàwó: "Ìwọ lo máa ń fún un lóògùn." Tàbí kí wọ́n yíjú sí nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ẹnì kan ṣe ibi. Ó sì lè má jẹ́ òótọ́ rárá, kó jẹ́ pé ikú fúnra rẹ̀ ló sọ iye náà di ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni o, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè lẹ́yìn tí èèyàn ti kú, láìsí ẹni tó tún fún un ní nǹkan kan.

Báwo ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a bá wà láàyè, ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri, ẹ̀dọ̀ ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́, kíndìnrín ń dà á sínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oògùn ń gbé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé inú ẹran ara ló máa ń fara pamọ́ sí: inú ẹ̀dọ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró, inú ẹran ọkàn, inú ọ̀rá. Nivaquine tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa láyé àtijọ́ fún ibà wà lára irú èyí. Digoxin, oògùn àwọn tó ní àìsàn ọkàn, náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹran ọkàn gan-an ló máa ń lẹ̀ mọ́.

Tí ẹ̀mí bá wá bọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá aláró, ó máa tètè yé yín. Tí a bá ká aṣọ aró tó ṣì tutù lé aṣọ funfun lórí, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, funfun ti gba aró. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkú. Àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ara, ògiri wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, oògùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Ta ló sì wà nítòsí wọn? Ọkàn ni, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti inú ọkàn fi lè ní oògùn ju ti itan lọ, nínú òkú kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Itan jìnnà sí ẹ̀dọ̀, òun ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fẹ́ràn láti fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ti itan náà lè yí padà o, àmọ́ ó sàn.

Ní ìlú Toronto, ní Kánádà, àwọn ọmọ ìkókó tó ní àìsàn ọkàn kú léraléra ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní 1980 sí 1981. Wọ́n yẹ òkú àwọn kan wò, wọ́n bá digoxin púpọ̀. Ní 1981 wọ́n mú nọ́ọ̀sì kan, wọ́n ní ó pa ọmọ mẹ́rin. Ní 1982 adájọ́ dá a sílẹ̀, torí ẹ̀rí kò tó láti gbé e lọ síwájú. Ìjọba tún gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, níbi tí àwọn onímọ̀ ti bá ara wọn jiyàn gan-an lórí ohun tí iye digoxin inú òkú túmọ̀ sí. Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ṣe ibi níbẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé obìnrin yẹn ti jẹ ìyà orúkọ burúkú kí wọ́n tó jókòó jiyàn.

Oògùn mìíràn, òdìkejì ló ń ṣe: ó ń dín kù nínú òkú. Kokéènì ń bá a lọ láti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Clonazepam, oògùn wárápá, àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ ẹ́ tán nígbà tí òkú bá ń jẹrà. Nítorí náà, "a ò rí nǹkan kan" kì í ṣe ẹ̀rí pé kò lo nǹkan kan.

Ọtí ló tún máa ń fa ìjà jù. Ẹ̀yin adẹ́mu mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ ò rí bí ẹmu ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó bu ọtí sí i, ó kàn ń kan fúnra rẹ̀ ni. Ṣúgà inú òkú náà lè di ọtí bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ooru tiwa yìí, tí òkú kò bá tètè dé inú yìnyín. Wọ́n lè wá kọ ọ́ pé Àlhájì tí kò fẹnu kan ọtí rí, ọtí ló mu tó fi gun zẹmijan wọ inú kòtò. Omi inú ẹyinjú kì í tètè bàjẹ́ bíi ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni dókítà fi máa ń fa díẹ̀ níbẹ̀ láti fi wé ti ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fa omi ojú òkú, ẹ má bá wọn jà, ẹ má ní wọ́n fẹ́ fi ṣoògùn.

Ó ku ohun tí ẹ̀yin ará ilé lè ṣe. Ẹ má da páálí oògùn rẹ̀ nù, títí kan èyí tó rà lójú ọ̀nà, kódà tó bá jẹ́ tramadol tí ojú ń tì yín láti fi hàn. Ẹ rántí wákàtí tó lò ó kẹ́yìn àti wákàtí tí ẹ bá a lójú ikú. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má fipá ro àgbo sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà, ó lè pa á, ohun tó bá sì kù nínú ikùn tún lè jò kiri lẹ́yìn ikú. Tí ọ̀ràn bá ti di ti ìjọba, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gún òkú lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó jẹrà kí dókítà tó fa ohun tó fẹ́ fà, torí ó ń da àyẹ̀wò rú. Tí wọ́n bá sì ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè ní ọpitáàlì, ẹ tètè sọ, kí wọ́n tó dà á nù. Ìyẹn níye lórí ju ti òkú lọ.

Nígbà tí ìwé bá dé, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ dókítà: ibo lára ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ náà? Ó tó wákàtí mélòó lẹ́yìn ikú? Ṣé oògùn yìí wà lára àwọn tó ń jò jáde? Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè ti inú nọ́mbà òkú ṣírò iye hóró tó gbé mì gẹ́lẹ́, ẹ ní kó sinmi.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò èyí kí a tó pàdé: ní abúlé yín, ta ló máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan opó, ta ló sì lè ní kí wọ́n dúró títí ìwé yóò fi pé? Ẹ fi ìdáhùn yín rán ọmọ tó ń bọ̀ lọ́jà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ iye owó àgbàdo ló kàn.