Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn iléeṣẹ́ Ọba Àkran àti Ọgbà nílùú Èkó, oorun yín ló ká mi lára jù. Bí ẹ bá jáde láàárọ̀, ẹ má yà sídìí paraga. Ẹ lọ sùn. Ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ẹ pa fóònù, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í jẹ́ kí ara gbà pé àsìkò oorun ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oorun ṣeré. Ní ti oúnjẹ, búrẹ́dì Agége dùn, àmọ́ ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹyin kún un. Ní ti owó, ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé gan-an ni kí ẹ dá àjọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ti ń gbérò láti Àgbádó dé Oyíǹgbò láti 2024, ẹ máa mú ìwé dání láti kà lójú ọ̀nà.